Ìgbálẹ̀, Mọ́ọ̀pù àti Ojú Kámẹ́rà

Kò sí ìgbìmọ̀ onímọ̀ èdè kankan tó pe àwọn ayàwòrán wa jọ láyé fíìmù kí wọ́n tó máa sọ pé àwọn fẹ́ lọ fọ fọ́tò. Omi ni wọ́n rí. Bí fíìmù bá ti jáde nínú kẹ́míkà, omi ni wọ́n fi ń ṣàn án. Bí wọ́n bá tẹ àwòrán sórí bébà, omi náà ni wọ́n fi ń ṣan ìyẹn kí wọ́n tó fi kọ́ kó gbẹ. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ilé ni wọ́n mú lò, ó sì ṣe rẹ́gí. Òun ni mo fi ń díwọ̀n ọ̀rọ̀ tuntun: ṣé ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀ rí iṣẹ́ náà bó ṣe ń lọ, àbí ìwé atúmọ̀ èdè nìkan ló ṣí?

Ẹ jẹ́ ká fi àwòrán iṣẹ́ ilé dán an wò. Mi ò ní pè é ní "àwòrán ojoojúmọ́", torí ẹni tó bá gbọ́ ọ yóò rò pé ojoojúmọ́ là ń yà á.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1844, William Henry Fox Talbot, ọ̀kan lára àwọn tó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà àwòrán yíyà, ya ìgbálẹ̀ kan tó fara ti ẹnu ọ̀nà ní Lacock, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó tilẹ̀ gbèjà ara rẹ̀, ó ní àwọn ayàwòrán Hóláńdì ti ń fi ọ̀dà ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Oòrùn ló gbé àwòrán náà yọ: ó ya òjìji ìgbálẹ̀ dábùú ara ilẹ̀kùn. Mo ti rí àwọn tó ń kọ "ibòji" sí irú ibí yìí. Abẹ́ igi ni ibòji wà, níbi téèyàn ti ń sinmi.

Ọ̀rọ̀ le díẹ̀ sí i níbi àwòrán tí ayàwòrán ará Amẹ́ríkà náà, Gordon Parks, yà ní Washington ní 1942. Ìyáàfin Ella Watson dúró níwájú àsíá Amẹ́ríkà, ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ wọn, mọ́ọ̀pù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ilé iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ń tọ́jú, 1,080 dọ́là sì ni owó iṣẹ́ wọn lọ́dún. Kí la ó pè wọ́n? "Òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó" ló máa kọ́kọ́ wá sẹ́nu akọ̀ròyìn, àmọ́ wolé-wolé tó ń yọjú wo ìkòkò omi onílé lèmi máa ń rí bí mo bá gbọ́ ọ. Agbálẹ̀ ni kí a kọ, nítorí kò fi iṣẹ́ náà pamọ́. Kí a sì lo "wọ́n", ká má lo "ó". Gẹ̀ẹ́sì kì í béèrè èyí lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ àlàyé sábẹ́ àwòrán. Yorùbá ń béèrè.

Ìgbálẹ̀ Ìyáàfin Watson ní igi gígùn. Ẹ má pè é ní ìgbálẹ̀ ọlọ́pàá o, kí òǹkàwé má baà máa wá àgọ́ ọlọ́pàá kiri. Mọ́ọ̀pù ní tirẹ̀, ẹ jẹ́ kó máa jẹ́ mọ́ọ̀pù. "Ìnulẹ̀" dùn létí, àmọ́ àkísà náà ìnulẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ayàwòrán gbọ́kàn lé. "Ó ń mọ́ọ̀pù" ti gbé iṣẹ́ púpọ̀ mì: a tẹ̀ ẹ́ bọ omi, a fún un, a nu ilẹ̀, a tún padà fọ̀ ọ́. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ ya bí wọ́n ṣe ń fún un ti mọ ibi tí òun yóò dúró sí: níbi ìka ọwọ́ àti omi tó ń kán.

Omi yẹn ló sì mú wa dé orí ohun tó ń ṣí tó ń padé nínú kámẹ́rà. Ìpéǹpéjú kámẹ́rà ni mo dábàá. Lóòótọ́, tiwa kì í padé àfi bí a bá ṣẹ́jú tàbí bí a bá sùn, nígbà tó jẹ́ pé nínú kámẹ́rà onífíìmù, pípadé ló máa ń wà. Síbẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá, ọ̀rọ̀ tí ṣíṣẹ́jú wà nínú rẹ̀, la ti fi ń wọn àkókò tó fi ń ṣí: bó bá ṣí fún ìdá kan nínú ìdá 15 ìṣẹ́jú àáyá, okùn mọ́ọ̀pù tó ń lọ tó ń bọ̀ yóò di bàìbàì, bó bá jẹ́ ìdá kan nínú ìdá 500, a ó rí omi ní ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan.