Ọmọ Alùpùpù Tí Ó Mọ Ọjà Tí Ó Sì Mọ Oko

Nínú gbogbo ohun tí ọ̀dọ́ máa ń fi owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ rà, alùpùpù wà lára èyí tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin òun àti àwọn òbí rẹ̀. N kò fẹ́ dá sí ìjà náà lónìí. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ni irú alùpùpù kan tí ojú àwọn ènìyàn tún bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ní ìwọ̀nba ọdún díẹ̀ yìí: èyí tí a ṣe ní ìrísí ti àtijọ́, tí kò ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, tí ènìyàn lè gùn lọ sí ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì lè gùn gba ọ̀nà oko àti ẹsẹ̀ òkè bí ó bá di ọjọ́ Àbámẹ́ta. Àwọn tí ń tà á sọ pé ó jọ bàbá rẹ̀. Ẹni tí yóò fẹ́ ìyàwó a máa wádìí ìdílé. Ó yẹ kí àwa náà mọ bàbá tí wọ́n ń wí kí a tó tú àpò. Honda CT125, tí àwọn ará Jàpáànì ń pè ní Hunter Cub, ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí ìtàn rẹ̀ kún, ó sì ṣeé tọ̀ láti orísun.

Ní ọdún 1945 ni ogun àgbáyé kejì parí, ó sì fi àwọn ìlú ńláńlá ilẹ̀ Jàpáànì sílẹ̀ ní ahoro. Ọkọ̀ ojú irin kún àkúnya, epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú, kẹ̀kẹ́ ni ó di ẹsẹ̀ fún tolórí tẹlẹ́mù. Soichiro Honda, ọmọ alágbẹ̀dẹ tí a bí ní ọdún 1906 ní agbègbè Hamamatsu, rí àwọn ẹ́ńjìnnì kéékèèké kan tí àwọn ológun ti fi ń fún ẹ̀rọ wáyálẹ́ẹ̀sì wọn ní iná. Ogun ti tán, wọn kò sì rí iṣẹ́ ṣe mọ́. Ní 1946 ó so ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́. Ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi ń móoru lórí ibùsùn nígbà òtútù ni ó sọ di tàǹkì epo àkọ́kọ́. Sachi, aya rẹ̀, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gùn ún la ìlú kọjá.

Bata-bata ni àwọn ará Jàpáànì sọ irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ariwo rẹ̀. Kí àwa tí a ń kọ́ èdè rọra gbọ́ èyí o. Àwa náà, ariwo ni a fi sọ tiwa lórúkọ: ohun tí ń lu pù-pù-pù ni alùpùpù. Ilẹ̀ méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ rárá, etí ni àwọn méjèèjì fi sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ń wá orí ọ̀rọ̀ fún iṣẹ́ àṣekágbá lórí ọ̀rọ̀ tí a fi ìró dá, ẹ wá mú un níhìn-ín.

Ní 1948 ni Honda dá kọ́ńpìnnì rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin, ní 1949 ni Takeo Fujisawa sì dara pọ̀ mọ́ ọn láti máa mójú tó owó àti ọjà. Ẹni tí ó bá yin Honda tí kò yin Fujisawa, ọwọ́ kan ni ó fi pàtẹ́wọ́. Honda mọ irin. Fujisawa mọ ènìyàn. Ní 1956 àwọn méjèèjì rin ìrìn-àjò lọ sí ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n wo àwọn alùpùpù kéékèèké tí ń bẹ níbẹ̀, kò sì sí èyí tí ó tẹ́ Fujisawa lọ́rùn, nítorí ọ̀nà tí a kò da ọ̀dà sí ni ó pọ̀ jù ní ilẹ̀ wọn nígbà náà. Ohun tí ó béèrè ni ẹ̀rọ tí ọmọkùnrin tí ń gbé oúnjẹ sobà kiri ilé àwọn oníbàárà yóò lè fi ọwọ́ kan ṣoṣo darí, tí ọwọ́ kejì yóò sì di àwo oúnjẹ mú.

Inú ìbéèrè yìí ni gbogbo ọgbọ́n ẹ̀rọ náà ti wá. Bí ọwọ́ òsì kò bá ráyè, a jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, kí ó ku ẹsẹ̀ nìkan tí yóò máa yí jíà. Bí obìnrin bá máa gùn ún láì ká aṣọ sókè, àárín rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè ré kọjá. Bí ẹrọ̀fọ̀ bá pọ̀ lọ́nà, ó gbọ́dọ̀ ní ìbòjú fún ẹsẹ̀. Ike ni wọ́n fi ṣe é kí ó lè fúyẹ́. Nítorí kòtò, wọ́n fi táyà gíga sí i, íǹṣì 17. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí à ń da ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo rẹ̀. Nígbà tí Fujisawa rí àwòṣe rẹ̀ ní ìparí 1957, ó ní òun yóò máa ta 30,000 lóṣù. Ẹnu ya àwọn tí ó gbọ́, nítorí gbogbo alùpùpù tí wọ́n ń tà ní Jàpáànì lóṣù kan kò ju bíi 40,000 lọ. Ní oṣù Kẹjọ 1958 ni Super Cub C100 jáde, 49cc, jíà mẹ́ta, 55,000 yẹ́ǹnì. Ọmọ ẹranko ni ìtumọ̀ Cub, bí ọmọ kìnnìún tàbí ti àmọ̀tẹ́kùn. Ní 2017 iye ìran rẹ̀ tí a ti ṣe pé ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ẹ ti rí i pé kò sí ọ̀rọ̀ igbó tàbí òkè nínú gbogbo èyí. Ta ni ó mú ọmọ ẹranko wọ igbó? Kì í ṣe Honda.

Ní 1959 ni wọ́n ṣí ilé títà sí Los Angeles ní Amẹ́ríkà. Àwọn ńláńlá tí wọ́n kó lọ kò rọ́wọ́ mú: àwọn ará Amẹ́ríkà ń sáré lé wọn lórí lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọ́ìlì ń jò, kílọ́ọ̀ṣì ń bàjẹ́. Kékeré ni ó yọ wọ́n. Ní ìlú Boise, ní ìpínlẹ̀ Idaho, níbi tí òkè pọ̀ ju ènìyàn lọ, oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Herb Uhl ń ta Honda 50 lọ́nà tí ó ya àwọn ọ̀gá ní Los Angeles lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé ó ti fi irin eléyín tí ó tóbi sí ẹ̀yìn, níbi tí ṣéènì ń gbà, ó sì fi táyà onígungun sí i. Ẹni tí ó bá ti gun kẹ̀kẹ́ olójíà rí mọ ìdí rẹ̀: bí irin eléyín ẹ̀yìn bá ti ń tóbi sí i, eré yóò máa dín kù, agbára yóò sì máa pọ̀ sí i. Wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Jàpáànì, ní 1961 ilé iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é fúnra wọn. Trail 50 ni wọ́n pè é. Irin eléyín méjì ni ó wà lẹ́yìn, kékeré fún títì, ńlá fún òkè. Wọ́n sì yọ ìbòjú ẹsẹ̀ kúrò. CT90 tẹ̀lé e ní 1966, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi ọ̀pá kékeré kan sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí ó jẹ́ pé bí o bá ti yí i, gbogbo jíà yóò di ti òkè láì fọwọ́ kan ṣéènì. CT110 dé ní 1980. Ní Australia, ó di ẹṣin fún àwọn tí ń pín lẹ́tà fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Èmi a máa bínú díẹ̀ sí àwọn òpìtàn ẹ̀rọ tí ń sáré kọjá lórí Uhl. Wọ́n fẹ́ràn ọ̀gá tí ó dá nǹkan sílẹ̀, wọn kò ka oníbàárà tí ó tún un dá sí. Àwa tí a dàgbà sí ilẹ̀ Yorùbá mọ̀ dájú pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀rọ ṣe ń di ti oníǹkan. Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn ni Honda kọ́ ilé iṣẹ́ alùpùpù sí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1981. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fa ìjókòó gùn kí ó lè gba èrò méjì, tí ó jó irin mọ́ ẹ̀yìn kí ó lè gba àpò gàrí, mẹkáníìkì abẹ́ igi ni. Irú èyí tí àárín rẹ̀ lọ sílẹ̀, tiwa sọ ọ́ ní màṣíìnì ládíìsì, nítorí obìnrin tí ó ró ìró lè gùn ún. Fujisawa ìbá gbọ́, inú rẹ̀ ìbá dùn.

Ní oṣù Kẹfà 2020 ni CT125 dé ọjà ní Jàpáànì. Ojú ni ó kọ́kọ́ ń mú: sáléńsà gíga ní ẹ̀gbẹ́ kí omi odò má bàa wọ̀ ọ́, kẹ́ríà gbàǹgbà lẹ́yìn, àárín tí ó lọ sílẹ̀ bí ti bàbá. Kílọ́ọ̀ṣì ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ síbẹ̀, ènìyàn sì tún lè fi ẹsẹ̀ ta á bí bátìrì bá rọ̀. Èyí tí ó kọ́kọ́ jáde jẹ́ 124cc, jíà mẹ́rin; títì ìlú kò ní fi ṣẹ̀sín. Bíréèkì rẹ̀ dára ju ti gbogbo àwọn bàbá rẹ̀ lọ, èmi kì í sì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí bíréèkì.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a tú ẹrù rẹ̀ wò. Kò ní kábúrétọ̀ mọ́. Ẹ̀rọ oníná ni ó ń wọn epo fún un. Eléyìí ń dín epo kù, ṣùgbọ́n bí ó bá dákú nínú igbó, kì í ṣe sukudiráfà nìkan ni ènìyàn yóò fi jí i. CT90 kò tó 100 kílò. CT125 tó bíi 120. Ẹni tí ó bá ti gbé alùpùpù tí ó ṣubú dìde rí lórí ìgẹ̀rẹ́ òkè, ní òun nìkan, mọ ohun tí 20 kílò ń jẹ́. Nígbà tí ó kọ́kọ́ dé Amẹ́ríkà, 3,899 dọ́là ni wọ́n ń tà á. Ìyẹn kì í ṣe owó ọmọ tí ń gbé sobà. Ohun tí a ṣe fún aláìní ti di ohun tí ọlọ́rọ̀ fi ń rántí àìní, ẹ má sì jẹ́ kí a fi ọ̀dà tí ó dára bo ọ̀rọ̀ yìí mọ́lẹ̀.

Èyí tí ó dùn mí jù ni pé ọ̀pá abẹ́ ẹ́ńjìnnì kò sí mọ́. Ẹ́ńjìnnì tí ó tóbi sí i yóò gun òkè lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní lè rọra rìn lórí àpáta ní ìṣísẹ̀ ènìyàn, èyí tí í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pá náà wà fún.

Nítorí náà, fún ẹni tí títì ìlú bá gba ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ rẹ̀, tí ọ̀nà oko sì gba ọjọ́ kan, tí owó sì wà, CT125 kò burú. Ní tèmi, CT110 àlòkù ni n ó kọ́kọ́ wá. Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n ṣe fún àwọn apínlẹ́tà Australia kò ní ọ̀pá yìí, ìrísí wọn sì jọ ti àwọn tí ó ní in, nítorí náà kí ẹni tí yóò rà á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí ó wo abẹ́ ẹ́ńjìnnì, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí i, kí ó tó ka owó.