"Student": òṣìṣẹ́ ilé ìpọntí tó kọ́ wa láti fi díẹ̀ mọ púpọ̀

Kò sí ilé iṣẹ́ kan ní Sáńgo-Ọ̀tà tó lè yẹ gbogbo ọjà tó ń ṣe wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n á mú díẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á sì fi ṣèdájọ́ ìyókù. Báwo la ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé díẹ̀ yẹn tó? Nínú ilé iṣẹ́ ni ìdáhùn ti wá, kì í ṣe nínú kíláàsì.

Ní 1899, William Sealy Gosset bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìpọntí Guinness ní Dublin. Ohun tó máa ń rí yẹ̀ wò kì í pọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ yanturu ni ìṣirò ìgbà náà ń béèrè. Ó kọ ìwọ̀n ara àwọn ọ̀daràn 3,000 sórí páálí, ó dà wọ́n pọ̀, ó pín wọn ní mẹ́rin mẹ́rin sí ọ̀nà 750, ó sì fi dán ìṣirò tirẹ̀ wò. Ó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1908. Nítorí pé ilé iṣẹ́ kò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ fi orúkọ ara rẹ̀ kọ̀wé, "Student" ló fi sí i: akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa. Guinness yìí náà ló wá kọ́ ilé ìpọntí sí Ìkẹjà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, kò jìnnà sí Ọ̀tà.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ká ní a mú omi inú ọ̀rá 9, tí wọ́n kọ mìlílítà 500 sí lára. Ìpíndọ́gba wọn jẹ́ 496, ìwọ̀n ìfọ́nká wọn jẹ́ 6. Gbòǹgbò 9 ni 3. A pín 6 sí ọ̀nà 3, ó ku 2. Fún ìdánilójú 95 nínú 100, bí a bá lo 1.96 tó wà fún ọ̀pọ̀ yanturu, gbèdéke wa á jẹ́ 492.1 sí 499.9. 500 wà níta. A ó ní ẹ̀rọ náà ń rẹ́ oníbàárà jẹ. Ṣùgbọ́n 9 kéré. Tábìlì Student ní ká lo 2.306, gbèdéke á sì di 491.4 sí 500.6. 500 ti wọlé, ẹ̀sùn ò tíì dúró. Ìyàtọ̀ kékeré yìí lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń darí ẹ̀rọ.

Ní 1937, ọdún tí Gosset kú, Jerzy Neyman ṣàlàyé ohun tí 95 yẹn ń sọ. Kò sọ nǹkan kan nípa gbèdéke kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa. Ìyẹn ti mú òótọ́ tàbí kò mú un. Ọ̀nà tí a gbà ṣe é ló ń ṣàpèjúwe: bí a bá ṣe é ní ọgọ́rùn-ún ìgbà, ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ, nǹkan bí 95 nínú ọgọ́rùn-ún gbèdéke ni yóò mú ìpíndọ́gba gidi. Ẹ má gbàgbé èyí ní gbọ̀ngàn ìdánwò, ẹ má sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi yín ṣe olùyẹ̀wò.