Páálí Àwo Fẹlá àti Ẹni Tó Ń Yà Á

  Lọ́dún yìí, a kò fẹ́ sọ ìtàn ọba tàbí ti ogun. Nǹkan kékeré kan tó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí: páálí tí wọ́n ń ki àwo orin sí, pàápàá àwo Fẹlá Aníkúlápó-Kútì.

Àwọn tó dàgbà díẹ̀ láàárín wa yóò rántí. Bí àwọn bàbá wa bá ti ilé dé lẹ́yìn ọdún, àwo tuntun máa ń wà nínú ẹrù, láàárín èlùbọ́ àti gàrí. Wọn kì í tíì gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ tí àwa ọmọ yóò ti já páálí rẹ̀ gbà. Orin Fẹlá gùn; orin kan ṣoṣo lè gba ojú àwo kan tán. Kí ó tó parí, a ó ti wo gbogbo àwòrán tó wà lára páálí náà, a ó sì ti béèrè ìbéèrè tí àwọn ìyá wa kò fẹ́ dáhùn.

Níbo ni orin náà ti wá? Àwọn kan ní Amẹ́ríkà ni Fẹlá ti kó o wá. Kò rí bẹ́ẹ̀ lójú tiwa. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i ní ọdún 1938. Bàbá rẹ̀ àgbà, Àlùfáà J. J. Ransome-Kútì, kọ orin ìyìn ní èdè Yorùbá, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sínú àwo ní London láàárín àwọn ọdún 1920. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ló kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ tí wọ́n fi kọ owó orí. Ilé orin àti ilé ìjà ni wọ́n bí Fẹlá sí.

Ní ọdún 1958, ó lọ kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London. Níbẹ̀ ni jáàsì ti wọ̀ ọ́ lára, ti Miles Davis àti ti Charlie Parker. Ó padà wálé, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ Koola Lobitos, wọ́n po jáàsì mọ́ háíláìfù. Àwọn èèyàn kò tètè gbà á. Tony Allen tó ń lu ìlù fún un náà ti fi etí kọ́ iṣẹ́ Art Blakey àti Max Roach. Lẹ́yìn náà ni Geraldo Pino ti Sierra Leone kó orin bí ti James Brown wọ Èkó, ó sì gba àwọn èrò lọ. Ní ọdún 1969, Fẹlá lọ sí Amẹ́ríkà, Sandra Izsadore fi ìwé ìtàn ayé Malcolm X lé e lọ́wọ́. Nígbà tó fi dé, ohun tó ń ṣe ti yàtọ̀: ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà, fèrè tí ń dá ara wọn lóhùn, lílé àti gbígbè bí a ti mọ̀ ọ́n nílé. Nígbà tí Igo Chico tó ń fọn sásófóònù fún un kúrò ní ọdún 1973, òun fúnra rẹ̀ gbé e, ó kọ́ ọ.

Orin tó ti ọ̀nà púpọ̀ wá báyìí, ẹni tó ya páálí rẹ̀ tó lókìkí jù kì í ṣe ọmọ Yorùbá. Lemi Ghariokwu ni. Èkó ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1955, ṣùgbọ́n ìhà Delta ni ìdílé rẹ̀ ti wá. Ẹ̀yin tí ẹ bí ọmọ sí ìlú tí kì í ṣe tiyín, ẹ mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Fúnra rẹ̀ ló kọ́ ara rẹ̀ níṣẹ́ àwòrán. Ní ọdún 1974, oníròyìn kan, Babátúndé Harrison, rí àwòrán Bruce Lee tó yà lára ògiri ilé ọtí kan, ó wá a rí, ó ní kó ya Fẹlá wò. Nígbà tí Fẹlá rí i, ó kọ ìwé sọ̀wédowó náírà 120 fún un. Ọmọ náà kò gbà á; ó ní láti ọkàn òun ni. Ọmọ ọdún mélòó lónìí ni yóò ṣe bẹ́ẹ̀?

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀, tó fi ya páálí 26 fún Fẹlá. Fẹlá a máa kọ orin tuntun ní Shrine títí tí yóò fi gún régé kó tó gbé e wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, nítorí náà Lemi ti gbọ́ ọ kó tó mú ọ̀dà. Kò sí ẹni tó ń sọ fún un pé báyìí ni kí o yà á. Ó tún máa ń kọ èrò tirẹ̀ sẹ́yìn páálí.

Àkọ́kọ́ rẹ̀ ni Alagbon Close, ní ọdún 1974. Àwọn ọlọ́pàá ti ti Fẹlá mọ́ Alágbọn lọ́dún náà. Lára páálí, Fẹlá ń jó, ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ já lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹja àbùùbùtán dojú ọkọ̀ omi àwọn ọlọ́pàá dé. Ẹ̀wọ̀n ń wó ní apá kan, ilé Kalakuta sì dúró digbí ní apá kejì. Lójú tiwa, kò sí èyí tó tún dára tó o nínú gbogbo wọn. Ní ọdún 1976, Ikoyi Blindness jáde: wọ́n fa ìlà la "Ransome" kọjá, wọ́n kọ "Anikulapo" sókè rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ọkùnrin náà pa orúkọ dà, páálí ni yóò wò. Lọ́dún náà kan náà ni Yellow Fever, obìnrin tó bó ara. Ilé tí páálí yìí dé, ẹnikẹ́ni tó bá ń pa ìpara mọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kò fara balẹ̀.

Zombie náà jáde ní ọdún 1976, pẹ̀lú fótò àwọn ṣọ́jà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, nǹkan bí 1,000 ṣọ́jà ya wọ Kalakuta. Wọ́n ju Fúnmiláyọ̀, ẹni ọdún 76, láti ojú fèrèsé. Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1978. Ilé tí Lemi yà pé ó dúró digbí, iná jó o. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ilé náà ṣì dúró sí, lára páálí 1974 ni.

Lọ́dún 1977 náà ni Fẹlá gbé Sorrow Tears and Blood jáde lábẹ́ Kalakuta Records tirẹ̀, láìwo ojú ilé-iṣẹ́ àwo kankan. Òun àti Lemi pínyà fún ọdún díẹ̀, wọ́n tún padà ṣe pọ̀. Beasts of No Nation ti ọdún 1989, tí Botha, Thatcher àti Reagan hu ìwo lórí rẹ̀, iṣẹ́ Lemi ni. Nígbà tó fi di ọdún 2003, New Museum ní New York pàtẹ odidi ìfihàn nítorí Fẹlá.

Àwa ńkọ́? Àwa gé tiwa, a fi bo ìwé ìṣirò. Òmíràn, a fi fẹ́ iná. Òmíràn bọ́ sọ́nà nígbà tí a ń kó láti ilé dé ilé. Alagbon Close kan ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wa. Eku ti jẹ igun ibi tí àbùùbùtán wà. Àwo inú rẹ̀ ti fọ́ tipẹ́. Àwo Àyìnlá Ọmọwúrà ló wà nínú rẹ̀ báyìí. A ó gbé e wá sí gbọ̀ngàn ní ọjọ́ àjọ̀dún. Ẹni tí tirẹ̀ bá kù, kó jọ̀ọ́ gbé e dání, kó sì kọ orúkọ rẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú pẹ́ńsù, kì í ṣe bírò.