Irun Tó Ta Kókó: Ajá, Òòyà àti Sùúrù ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ajá ti pẹ́ tó lọ́dọ̀ àwọn ará Àkúrẹ́, kí ó kọ́kọ́ fetí sí orúkọ ẹni tó tẹ ìlú náà dó. Aṣọdẹbóyèdé ni wọ́n ń pè é, ọmọ ìran Odùduwà tó ti Ilé-Ifẹ̀ jáde. Orúkọ yìí sì ti sọ ìtàn ara rẹ̀ tán, nítorí ìdí ọdẹ ni ó ti bá oyè dé. Àgbà a sì máa wí pé bí ajá bá lẹ́ni lẹ́yìn, á pa ọ̀bọ. Ẹni tó wà lẹ́yìn ajá nínú òwe yìí, ọdẹ ni, bí ajá sì ti gbójú lé ọdẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ọdẹ gbójú lé imú àti etí ajá nínú igbó.

Ajá ọdẹ ayé àtijọ́ kì í ṣe onírun gígùn. Irun rẹ̀ kúrú, ó lẹ̀ mọ́ ara, etí rẹ̀ nà ró, ìrù rẹ̀ ká sẹ́yìn, bí ẹni pé Elédùmarè ti fi oòrùn àti òjò ilẹ̀ wa wọn aṣọ fún un. Bí ó bá la ibi tí ẹ̀mọ́ àgbò àti ṣawerepèpè hù sí kọjá, díẹ̀ ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn, òun fúnra rẹ̀ a sì fi eyín yọ ọ́. Ìtọ́jú tí ọdẹ ń ṣe fún un kò ju kí ó já eégbọn etí rẹ̀, kí ó so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, kí ó sì sọ ọ́ ní orúkọ tó jẹ́ òwe, kí ó lè máa fi pípe ajá bá aládùúgbò tó ń ṣe é níbi wí.

Ní Oǹdó, ilé Òṣemàwé, níbi tí ìtàn ti sọ pé obìnrin, Púpùpú, ni ó kọ́kọ́ gun orí ìtẹ́, ajá ní ipò mìíràn pẹ̀lú. Ẹran Ògún ni. Bí ọdún Ògún Lákáayé, Ọṣìn Imọlẹ̀, bá pé, ajá ni wọ́n fi ń bọ ọ́, àwọn ènìyàn a sì máa jẹ ẹran náà, tí wọ́n ń pè ní lókìlì. Olùṣọ́ ilé, alábàárìn ọdẹ, oúnjẹ òrìṣà: gbogbo ìwọ̀nyí ni ajá jẹ́ fún àwọn baba wa, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan nínú wọn tó mú òòyà lọ́wọ́ wá sí ọ̀dọ̀ ajá.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, ayé ń yí. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Ní 1981, ìjọba àpapọ̀ dá yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba àti olùkọ́ wọ ìlú, ilé olódi àti géètì ń pọ̀ sí i, ajá àjèjì sì tẹ̀lé wọn wọlé: ajá Jámánì, ajá ńlá láti orí òkè Caucasus, àti Lhasa Apso kékeré tí irun rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀, tí àwọn ará Tibet ti ń sìn láti ayébáyé. Òtútù ni wọ́n dá irun wọ̀nyí fún. Ooru Àkúrẹ́ ni ó wá bá wọn.

Irun irú ajá bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìpele méjì: èyí tó gùn wà lókè, èyí tó rọ̀ bí òwú wà nísàlẹ̀. Bí ti ìsàlẹ̀ bá ré, ti òkè kò ní jẹ́ kí ó bọ́ sílẹ̀, a sì máa lọ́ mọ́ra níbi tí ara ti ń gbo ara: ẹ̀yìn etí, abíyá, àárín itan, abẹ́ okùn ọrùn. Bí omi bá wá kàn án, kókó náà a fún bí okùn tí a dì nígbà tí ó tutù. Nítorí náà ni kò fi yẹ kí á wẹ ajá kí á tó tú irun rẹ̀. Lábẹ́ kókó ni ooru ti ń mú awọ ara bó, ibẹ̀ ni eégbọn ń sá sí, ibẹ̀ náà sì ni eṣinṣin ń yé sí títí ìdin yóò fi yọ.

Kí wá ni ṣíṣe? Ìmọ̀ rẹ̀ ti wà nílé wa tipẹ́, lọ́wọ́ àwọn onídìrí. Mo rántí ìyá mi àgbà bí ó ti ń tú irun ọmọdé tó wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀: yóò fi ọwọ́ òsì di ìdí irun mú ṣinṣin kí ó má baà fa orí, yóò fi ìka ya kókó sí wẹ́wẹ́, yóò fi àdí díẹ̀ rọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni òòyà onígi yóò bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu irun, kì í ṣe láti ìdí, títí yóò fi dé awọ orí, tí ọmọ náà a sì ti sùn lọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ajá. Iyẹ̀fun àgbàdo lè gba ipò àdí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ti sísọ́ọ̀sì bọ abẹ́ kókó, nítorí kókó máa ń fa awọ sókè, ẹni tó rò pé irun ni òun ń gé lè gé ẹran ara. Bí gbogbo irun bá ti dì bí ẹní, kí á fá a ni àánú, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko sì ni kí á gbé e lọ.

Irun tó dì kò fi gbogbo ìgbà jẹ́ àìtọ́jú, bí àwa tí a mọ Dàda ti mọ̀. Ní ilẹ̀ Hungary, ajá darandaran kan wà tí wọ́n ń pè ní Komondor, tí irun rẹ̀ ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí eyín ìkookò má baà kàn án lára. Síbẹ̀, olówó rẹ̀ ń fi ọwọ́ ya okùn kọ̀ọ̀kan kúrò lára èkejì, kí gbogbo rẹ̀ má baà di ọ̀kan.

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fi agbára mú ní í le. Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti Oǹdó tí ẹ ń ra ajá onírun gígùn, ẹ ra òòyà mọ́ ọn, kí ẹ sì yọ̀ǹda àkókò fún un lójoojúmọ́. Ẹni tí kò bá ráyè ìyẹn, ajá onírun kúkurú tí àwọn baba wa sìn ṣì wà, ó sì mọ ilé ṣọ́.