Kóòdù ni àbí àrokò? Ìtàn àmì ara tubulin nínú ọpọlọ àti jẹjẹrẹ rẹ̀

Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀: lẹ́tà mẹ́ta kan náà ni a fi kọ ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àmì ohùn tó gbẹ̀yìn ló yà wọ́n sọ́tọ̀. Ní ọdún 2007, Kristen Verhey àti Jacek Gaertig yá ọ̀rọ̀ kan tó sún mọ́ iṣẹ́ tiwa láti fi ṣe àkọlé àpilẹ̀kọ wọn lórí sẹ́ẹ̀lì: kóòdù tubulin. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni bí ìmọ̀ náà ṣe dé ibẹ̀, àti bóyá kóòdù ni orúkọ tó yẹ ẹ́.

Tubulin jẹ́ purotéènì tó ń so pọ̀ ní méjì-méjì, álífà pẹ̀lú bẹ́tà, títí yóò fi di ọ̀pá oníhò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó nǹkan bíi nánómítà 25. Hideo Mohri ló fún un lórúkọ yìí ní 1968, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn fún ọ̀pá kékeré oníhò. Nínú nọ́róònù, ọ̀nà ìkẹ́rù ni àwọn ọ̀pá náà. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àwọn ló ń fa krómósómù sọ́tùn-ún sósì.

Ìtàn àmì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Córdoba, ní Ajẹntínà. Ní 1973, Héctor Barra, Carlos Arce, Ranwel Caputto àti ẹlẹgbẹ́ wọn lọ ọpọlọ èkúté, wọ́n fi tyrosine sí i. Wọ́n ba RNA tí a fi ń hun purotéènì jẹ́, síbẹ̀ tyrosine ṣì ń lẹ̀ mọ́ purotéènì kan. Èyí fi hàn pé lẹ́yìn ìhun ni a fi í kún un. Tubulin álífà ni purotéènì ọ̀hún, ìparí rẹ̀ gan-an sì ni tyrosine ń dúró sí. Ẹnsáìmù kan ń yọ ọ́, òmíràn ń dá a padà. Ta ló ń yọ ọ́? Ó di 2017 kí àwọn olùwádìí ní Grenoble àti Amsterdam tó dárúkọ vasohibin. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní 1990, Bernard Eddé àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Paris ti rí àmì mìíràn: glutamate tó yọ bí ẹ̀ka lára tubulin ọpọlọ.

Ní 1998, Laurence Lafanechère àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé bí kókó jẹjẹrẹ ṣe ń dàgbà lára ẹranko, ẹnsáìmù tó ń dá tyrosine padà ń pòórá. Nínú glioblastoma, jẹjẹrẹ ọpọlọ tó le jù lára àgbàlagbà, a tún rí ẹ̀yà kẹta tubulin bẹ́tà, èyí tí a máa ń kà sí ẹ̀rí pé nọ́róònù ni sẹ́ẹ̀lì kan. Glioblastoma kì í sì í ṣe nọ́róònù. Ọ̀rọ̀ yìí kan aláìsàn. Vincristine, oògùn tí a ń rí lára òdòdó Madagásíkà kan, ń di tubulin mú kí sẹ́ẹ̀lì má lè pín. Ṣùgbọ́n ó ń pa nọ́róònù lára pẹ̀lú, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á sì máa kú tipiri.

Nítorí náà, ẹni tó bá gbà pé àmì kan, ìtumọ̀ kan, lè ṣì í kà. Owó ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìrẹ́pọ̀ ni. Tó bá kẹ̀yìn síra, ìjà ni. Bí a ṣe dì í, ẹni tó rán an àti ẹni tí a rán an sí ló ń pinnu. Àrokò nìyẹn. Lójú tèmi, orúkọ yẹn bá tubulin mu ju kóòdù lọ.