Ilé Àrà Kan ní Harlem

Ẹ gbọ́ àrà! Ilé kan wà ní Òpópónà 125 ní Harlem, ní ìlú New York, tí wọ́n kọ́ láàárín 1913 sí 1914. Eré ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú kò gbọdọ̀ wọlé wá wòran. Nígbà tó di oṣù kìíní 1934, Sidney Cohen tún un ṣe, ó sọ ọ́ ní Apollo, ó sì ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọmọ Harlem. Háà! Àwọn tí ilé ń lé ló wá di adájọ́ inú ilé.

Adájọ́ tí kò mọ ojú àánú sì ni wọ́n! Lálẹ́ Ọjọ́rú, tí í ṣe alẹ́ ìdíje àwọn ọ̀gbẹ̀rì, ẹnikẹ́ni tó bá láyà lè gun orí ìtàgé. Bí ó bá dùn, àtẹ́wọ́ á mi ilé tìtì. Bí kò bá dùn, wọ́n á hó lé e lórí, nígbà ayé Sandman Sims oníjó, òun ló máa ń yọ tòun tìgbálẹ̀, tí á gbá a kúrò bí ẹni gbá pàǹtí. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe iṣẹ́ yẹn.

Igi kan tún wà ní Harlem nígbà náà. Iwájú tíátà Lafayette ló hù sí, àwọn òṣèré tó ń wáṣẹ́ a sì máa fọwọ́ kàn án kí orí lè gbè wọ́n. Igi Ìrètí ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí wọ́n gé e lulẹ̀ ní 1934 torí àtifẹ ọ̀nà, Ralph Cooper, olóòtú alẹ́ Ọjọ́rú, ra ìtì kan nínú rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé kí àwọn ọ̀gbẹ̀rì máa fọwọ́ pa á.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kọkànlá ọdún yẹn, ọmọbìnrin ẹni ọdún 17 kan jáde, aláìníyàá, aláìnílé. Ijó ló bá wá. Àfi bí àwọn Edwards Sisters ṣe kọ́kọ́ jó, tí wọ́n jó àjótàkìtì, tí ẹ̀rù ba ọmọ náà. Ó ní kò burú, òun á kọrin. Ella Fitzgerald, tó wá di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká olórin, ni! Òun ló gba ipò kìíní.

Ní 1962, olórin James Brown ní kí wọ́n gba orin òun sílẹ̀ nínú ilé yìí, tariwo tèrò. Syd Nathan, ọ̀gá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀, ní kò ní tà. James fowó ara rẹ̀ ṣe é. Ọ̀sẹ̀ 66 ni àwo náà lò lórí àtẹ àwọn àwo tó ń tà jù. Lójú tèmi, igbe àwọn òǹwòran ló kó ìdajì adùn rẹ̀. Nígbà tí James kú lọ́jọ́ Kérésìmesì 2006, ẹṣin funfun ló fa òkú rẹ̀ wá sí Apollo. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí ìtàgé yẹn gan-an, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èrò tò rẹrẹẹrẹ síta láti wọlé wá kí i, wọ́n ń kọ orin rẹ̀ kíkankíkan.