Ìdánwò Ìlúwẹ̀ẹ́ ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ilẹ̀ Jàpáànì láti Ọdún 1955

Àwọn àgbà ní, ikú tí ó pa ojúgbà ẹni, òwe ni ó pa fún ni. Òwe yìí ni mo fẹ́ fi ṣí aṣọ lójú ọ̀rọ̀ kan tí ó lè dàbí ohun kékeré lójú ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀: kí ni olùkọ́ ń sọ gan-an nígbà tí ó bá kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ kan mọ ìlúwẹ̀ẹ́? Bí a bá ní ọmọ mọ ìṣirò, a mọ irú ìdánwò tí a ti fún un. Bí a bá ní ó mọ̀wé kà, a ti gbé ìwé lé e lọ́wọ́, a sì ti fi etí ara wa gbọ́ bí ó ti kà á. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ kan kà, olùkọ́ yóò tún un ṣe fún un. Ṣùgbọ́n omi kì í fún akẹ́kọ̀ọ́ ní àyè àtúnṣe. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbé òṣùwọ̀n ìlúwẹ̀ẹ́ kalẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, ẹrù tí ó gbé rù wúwo ju ti olùkọ́ ìṣirò lọ.

Ilẹ̀ Jàpáànì ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún kan ṣoṣo, èyíinì ni 1955, ikú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ìbéèrè yìí síwájú àwọn ará ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀méjì; ó sì gbà wọ́n ju ọgọ́ta ọdún lọ kí ìdáhùn wọn tó pé.

Òkun ni ó yí Jàpáànì ká, ìlúwẹ̀ẹ́ kì í sì í ṣe ohun àjèjì níbẹ̀. Kí eré ìdíje ti àwọn ará Yúróòpù tó dé ọ̀dọ̀ wọn, àwọn jagunjagun wọn tí à ń pè ní sàmúráì ti ní ìlúwẹ̀ẹ́ tiwọn, agbègbè kọ̀ọ̀kan sì ní ìlànà tí ó ń tẹ̀ lé. Ohun kan wà tí ó yẹ kí a kíyèsí nínú ẹ̀kọ́ wọn. Ìbéèrè tí wọ́n ń bi ara wọn kì í ṣe pé ta ni ó yára jù. Wọ́n kọ́ bí ènìyàn ti ṣe lè dúró gangan nínú omi jíjìn, kí ọwọ́ rẹ̀ sì ṣòfo láti di ohun ìjà mú. Wọ́n tilẹ̀ kọ́ bí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀wù ogun lọ́rùn. Lójú tiwọn, òmùwẹ̀ ni ẹni tí omi bá lójijì, nínú aṣọ tí ó wọ̀ lọ́jọ́ náà, tí omi kò sì borí rẹ̀.

Nígbà tí ó yá, eré ìdíje gba ipò iwájú. Ní ìdíje Òlíḿpíìkì tí a ṣe ní Los Angeles ní 1932, àwọn ọkùnrin Jàpáànì gba ipò kìíní nínú márùn-ún nínú eré ìlúwẹ̀ẹ́ mẹ́fà tí àwọn ọkùnrin ṣe. Ní Berlin ní 1936, Hideko Maehata borí nínú ìlúwẹ̀ẹ́ aláyà ti mítà 200, òun sì ni obìnrin Jàpáànì àkọ́kọ́ tí ó gba wúrà nínú ìdíje náà. Ìyìn tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ẹsẹ̀ ẹni tí ó yára jù ṣe òṣùwọ̀n ẹsẹ̀ gbogbo ará ìlú. Orílẹ̀-èdè lè ní àwọn òmùwẹ̀ tí òkìkí wọn kàn dé òkè òkun, kí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó wà nínú kíláàsì má sì mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí wọ́n bá ṣubú sómi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún ọdún 1955, ọkọ̀ ojú omi kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shiun Maru ṣí kúrò ní èbúté Takamatsu, ó ń kó èrò lọ sí Uno ní òdì-kejì Òkun Seto, èyí tí ó wà láàárín àwọn erékùṣù ilẹ̀ náà. Kùrukùru bo ojú omi bámúbámú. Ọkọ̀ mìíràn, Uko Maru Kẹta, ń bọ̀ láti Uno. Àwọn méjèèjì kọlu ara wọn, kò sì ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí Shiun Maru fi rì. Ènìyàn 168 ni ó bá ìjàm̀bá náà lọ. Nínú wọn, 100 jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti ilé-ẹ̀kọ́ àárín tí ó tẹ̀ lé e, tí àwọn olùkọ́ wọn kó lọ sí ìrìn-àjò ẹ̀kọ́. Àwọn ọmọbìnrin ni ó pọ̀ jù nínú wọn.

Omijé kò tíì gbẹ lójú àwọn òbí wọ̀nyí nígbà tí èkejì fi dé. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje ọdún náà gan-an, àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àárín kan ní ìlú Tsu, ní agbègbè Mie, kó àwọn ọmọ wọn lọ sí etí òkun láti kọ́ wọn ní ìlúwẹ̀ẹ́. Ọmọbìnrin 36 ni omi gbé lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀rọ̀ méjèèjì wé ara wọn. Àwọn ọmọ ti Shiun Maru wà lórí ìrìn-àjò. Àwọn ọmọ ti Tsu wà lẹ́nu ẹ̀kọ́. Àjálù ìṣáájú ń sọ fún àwọn àgbà pé, "Ẹ kọ́ àwọn ọmọ yín ní ìlúwẹ̀ẹ́." Àjálù ìkẹyìn ń sọ pé, "Ẹ kíyèsí ibi tí ẹ ti ń kọ́ wọn." Ẹni tí ó bá gbọ́ ohùn kan láìgbọ́ èkejì yóò ṣìnà.

Ìdáhùn tí Jàpáànì fi fún ohùn méjèèjì ni adágún ìlúwẹ̀ẹ́ nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Bí ọmọ kò bá lè lọ sí òkun láìséwu, kí a gbé omi tọ̀ ọ́ wá. Ní 1961 ìjọba ṣe òfin kan lórí ìmúgbòòrò eré ìdárayá, owó ìjọba àpapọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ran àwọn ìlú lọ́wọ́ láti kọ́ irú adágún bẹ́ẹ̀. Láàárín ogún ọdún, adágún onímítà 25 ti di ohun tí à ń bá lọ́gbà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bí a ti ń bá pápá ìṣeré níbẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fojú tín-ín-rín rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí òbí wọn kò lágbára láti san owó olùkọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ ni ó ti ipa bẹ́ẹ̀ kọ́ ọ.

Ṣùgbọ́n adágún bí ọmọ kan tí ẹnikẹ́ni kò retí: ó bí òṣùwọ̀n. Nítorí pé mítà 25 ni láti ògiri dé ògiri, ẹni tí ó bá lè lúwẹ̀ẹ́ láti ìhín dé ọ̀hún láìfẹsẹ̀ kan ilẹ̀ ni a kà sí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Gígùn adágún di gígùn ìmọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́, a fi àmì tàbí àwọ̀ sára fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ láti fi ipò ọmọ kọ̀ọ̀kan hàn, kí olùkọ́ lè mọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ẹni tí ó yẹ kí ó máa ṣọ́ jù. Òṣùwọ̀n yìí ní ẹwà tirẹ̀. Kò ní ojúsàájú. Gbogbo ènìyàn ni ó lè fi ojú rí i. Olùkọ́ kan ṣoṣo sì lè fi dán ogójì ọmọ wò láàárín wákàtí kan. Èmi tí mo ti dúró níwájú kíláàsì rí mọ bí irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ti níyì tó.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ náà ní Òkun Seto. Nínú adágún, omi mọ́ gaara, ọmọ ń rí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ni ó wọ̀. Ó mọ ìgbà tí òun yóò wọ inú omi, nítorí fèrè olùkọ́ ni yóò fún un ní àṣẹ. Ó mọ ibi tí òun ń lọ, nítorí ògiri wà níwájú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọkọ̀ rì, kùrukùru ni ó wà, kò sí ògiri. Aṣọ àti bàtà wà lára ọmọ. Kò sì sí ẹni tí ó fun fèrè. Ọmọ tí a kọ́ pé ìlúwẹ̀ẹ́ ni kí a lọ síwájú kíákíá yóò na gbogbo agbára rẹ̀ tán níbi tí kò ti sí iwájú. Bí adágún ti gba àwọn ọmọ lọ́wọ́ ewu òkun nígbà ẹ̀kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ó mú òkun kúrò nínú ìdánwò.

Àwọn olùkọ́ Jàpáànì rí àlébù yìí. Láàárín 1980 sí 2000, ẹ̀kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú aṣọ lọ́rùn tàn káàkiri àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọ yóò wọ aṣọ àti bàtà tí ó ń wọ̀ lójoojúmọ́, yóò sì sọ̀kalẹ̀ sínú adágún, kí ó lè fi ara rẹ̀ mọ bí aṣọ tútù ti ń fa ènìyàn. A ó kọ́ ọ pé kí ó má ṣe gbé apá sókè láti ké gbàjarè, nítorí bí apá bá ti jáde sókè ni orí yóò wọlẹ̀. A ó kọ́ ọ pé kí ó dojú sókè, kí ó na ara, kí ó jẹ́ kí atẹ́gùn inú àyà rẹ̀ gbé e. Pé bàtà fífúyẹ́ lè ràn án lọ́wọ́ láti léfòó. Pé ìgò ike òfìfo tí ẹni tí ó wà létí omi jù sí i, tí ó sì gbá mọ́ àyà, lè gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Gbólóhùn kan wà tí wọ́n fi kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: uitemate, èyíinì ni pé, léfòó, kí o sì dúró de olùgbàlà. A ó rí i pé ẹ̀kọ́ yìí súnmọ́ ti àwọn jagunjagun àtijọ́ ju ti àwọn eléré ìdíje lọ.

Nínú ìlànà ẹ̀kọ́ tí ìjọba gbé jáde ní 2017, tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2020, ohun mẹ́ta ni a là sílẹ̀ fún kíláàsì karùn-ún àti ìkẹfà: ìlúwẹ̀ẹ́ ìdojúbolẹ̀ alápá yíyí, ìlúwẹ̀ẹ́ aláyà bí ti ọ̀pọ̀lọ́, àti ẹ̀kọ́ ìdáàbòbo ara lójú omi. Fún méjì àkọ́kọ́, nǹkan bí mítà 25 sí 50 ni òṣùwọ̀n wọn. Fún ìkẹta, kí ọmọ lè léfòó fún ìgbà pípẹ́ ni. Láti 1955 dé 2017 jẹ́ ọdún 62. Bẹ́ẹ̀ ni ó pẹ́ tó kí ìwé ìlànà tó fi léfòó sí ẹgbẹ́ kan náà pẹ̀lú lílọ síwájú.

Kì í ṣe Jàpáànì nìkan ni ó gba ọ̀nà yìí. Ní Nẹ́dálándì, níbi tí odò àti ipa omi wà káàkiri ìlú, ìdánwò fún ìwé ẹ̀rí àkọ́kọ́ ń béèrè pé kí ọmọ lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú aṣọ àti bàtà, kí ó sì gba inú ihò aṣọ kan kọjá lábẹ́ omi. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìlànà ẹ̀kọ́ tí a tẹ̀ jáde ní 2013 kò fi mọ sí mítà 25. Ó ní kí ọmọ tún mọ bí yóò ti gba ara rẹ̀ là nínú onírúurú omi. Ní Bangladẹ́ṣì, níbi tí adágún olówó ńlá ti ṣọ̀wọ́n, a fi ọparun kan pèpéle sínú ọ̀gọ̀dọ̀ abúlé, a sì ń kọ́ àwọn ọmọ níbẹ̀. Ìdánwò wọn pa mẹ́ta pọ̀: kí ọmọ lúwẹ̀ẹ́ mítà 25, kí ó léfòó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, kí ó sì mọ bí a ti ń na nǹkan sí ẹni tí ó ń rì láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ bẹ́ sínú omi. Èyí tí ó kẹ́yìn yìí ṣe pàtàkì, nítorí ọ̀pọ̀ ìgbà ni ẹni tí ó fẹ́ gba ọ̀rẹ́ rẹ̀ là máa ń bá a lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, bí gbogbo ọmọ inú Shiun Maru bá tilẹ̀ ti mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ṣé gbogbo wọn ni ìbá yè? Rárá o. Ọkọ̀ tí ó rì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ há àwọn mìíràn mọ́ inú. Àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ni ó yẹ kí ó bọ̀wọ̀ fún kùrukùru. Kì í ṣe ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ní 1988, afárá ńlá Seto ṣí sílẹ̀ fún ọkọ̀ ilẹ̀ àti ọkọ̀ ojú irin, ó sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn má nílò láti wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ láti sọdá. Ìlúwẹ̀ẹ́ kò gbọdọ̀ di àwáwí tí àwọn àgbà yóò fi gbé ẹrù tiwọn lé ọmọ lórí. Ṣùgbọ́n níbi tí ìṣọ́ àgbà bá ti kùnà, ohun tí ọmọ mọ̀ nìkan ni yóò kù pẹ̀lú rẹ̀.

Ní ọjọ́ òní, púpọ̀ nínú àwọn adágún tí a kọ́ nígbà náà ti gbó. Owó àtúnṣe wọn pọ̀, àwọn ìlú kan sì ti tì wọ́n pa. Àwọn mìíràn ń kó ọmọ lọ sí adágún aládàáni. Nígbà tí owó bá dín, tí wákàtí ẹ̀kọ́ sì kúrú, ìdánwò tí ó rọrùn láti kà ni a máa ń dì mú, a ó sì ju èyí tí ó ṣòro nù. Níbẹ̀ ni ewu wà, kì í sì í ṣe ní Jàpáànì nìkan.

Ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé òṣùwọ̀n tí a bá fi wọn ọmọ ni yóò pinnu ohun tí a ó kọ́ ọ. Bí jíjìnnà nìkan ni a bá ń béèrè, jíjìnnà nìkan ni yóò mọ̀. Kí a tó kọ ọ́ pé ọmọ mọ ìlúwẹ̀ẹ́, ó yẹ kí a bi ara wa pé: ṣé ó lè pẹ́ lójú omi pẹ̀lú aṣọ rẹ̀ lọ́rùn? Ṣé ó mọ omi tí kò yẹ kí òun wọ̀? Ṣé ó mọ bí òun yóò ti ran ẹlòmíràn lọ́wọ́ láti orí ilẹ̀? Àwọn ará Jàpáànì fi ẹ̀mí ọmọ wọn ra ìbéèrè wọ̀nyí. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Kò yẹ kí a dúró de ikú tiwa kí a tó béèrè wọn.